Ẹ Ka Ọdún Òǹkọ̀wé, Ẹ Ka Ti Olùtumọ̀, Kí Ẹ Tó Ka Ìwé Sínú Fóònù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà kan jáde lójú ìwé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹni tó kọ ọ́ ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ti ní fóònù máa ka ìwé ìtàn wa sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní àwọn tó kọ wọ́n ti lọ, ogún baba wa ni, kò sí ẹni tó lè bi wá. Mo fẹ́ràn ìtara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn bó ṣe wà, ẹjọ́ ni wọn yóò fi kó sí lọ́rùn, pàápàá lórí ìwé tí ẹnìkan kọ tí ẹlòmíràn sì túmọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣìnà jù.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nílùú Òṣogbo tí mo ń gbé, àwa kan kóra jọ tí a ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí ojú wọn kò gbé ìwé mọ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Yàrá tí mo ń sùn náà ni sítúdíò wa. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri kí ohùn má baà máa dún padà, a máa ń pa fáànù, a ó sì dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sinmi kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Àkùkọ ilé kejì ti bá wa kàwé ju àwọn kan nínú wa lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ìwé Chinua Achebe tí gbogbo ayé mọ̀ wá, Things Fall Apart. Ó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá láìkọ ohunkóhun sílẹ̀. Kí n má parọ́, ó dùn-ún gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí Okonkwo ti gbé Amalinze ṣánlẹ̀, ìyá àgbà kan tó wá gbọ́ wa pàtẹ́wọ́, a sì ní láti tún ibẹ̀ kà. Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Ó ní, “Mọ́mì, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá tèmi ni.”

Yorùbá rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà kì í ṣe tirẹ̀. Òfin kópíráìtì ilẹ̀ wa, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ìwé, ka ìtumọ̀ mọ́ ohun tí ẹni tó ni ìwé nìkan lè pàṣẹ lé lórí. Òun ló lè sọ pé kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ tàbí kó má túmọ̀ rẹ̀. Bóyá orí bébà lo kọ ọ́ sí tàbí ẹnu lo fi sọ ọ́ sínú fóònù, ìtumọ̀ ni ìtumọ̀ ń jẹ́. Achebe kú ní 2013. Òfin Nàìjíríà fún iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, láti ìparí ọdún tó kú ni a sì ti ń kà á. Títí 2083 yóò fi parí, ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé náà gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn nínú wa wá rántí pé ìwé náà ti wà ní Yorùbá tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ rẹ̀, ó jáde ní 1997, Ìgbésí Ayé Okonkwo ni orúkọ rẹ̀. Ògúnyẹmí fúnra rẹ̀ kú ní 2001. Ìwé tí a túmọ̀ dà bí ilé tí ẹnìkan kọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn: onílẹ̀ wà lọ́tọ̀, onílé wà lọ́tọ̀. 70 ọdún ti Ògúnyẹmí yóò pé ní ìparí 2071, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé òun lè máa ka ìwé náà síta ní 2072 yóò tún bá ti Achebe nílẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni kí a máa fojú sùn.

Ọmọ náà kò bínú. Ó ní ṣé kò sí ìwé mìíràn tí òun lè kà, a sì wá òmíràn fún un.

Ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà rí bẹ́ẹ̀. Òun ló túmọ̀ eré Wọlé Ṣóyínká sí Ikú Olókùn Ẹṣin ní 1994, òun náà ló sọ Aké, ìwé tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, di Yorùbá ní 2001. Mo ti fi ìwé méjèèjì kọ́ ọmọ, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá jáde ní ohùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò máa gbọ́ wọn nínú mọ́tò láti Òṣogbo dé Èkó. Ìṣọ̀lá kú ní 2018, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ yóò dé ìparí 2088. Ṣóyínká ṣì wà láyé, kí Ọlọ́run túbọ̀ dá ẹ̀mí wọn sí. Èmi kò ní í jókòó máa ka ọdún sórí alààyè. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn sínú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ ẹni méjì ni yóò ti tọrọ àṣẹ.

Mo wá kan D. O. Fágúnwà, tí ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé rẹ̀ ti pẹ́ lóòótọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ọdún tí ìwé jáde kọ́ là ń kà, ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni. Oṣù kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú. Bí a bá fi 70 kún un, ìparí 2033 ló bọ́ sí, nítorí náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2034 ni ìwé ìtàn márààrún tó kọ yóò bọ́ sí gbangba nílẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di ìgbà yẹn, wọ́n ní oní-ǹkan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kà wọ́n síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Pé ọlọ́jà kò tíì mú èèyàn kò sọ ọjà rẹ̀ di ọ̀fẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1968. Mo ti gbọ́ ọ tí ẹnìkan ń ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn síta tó ń sọ pé Fágúnwà ló ni ín. Ìtàn ni Fágúnwà ni, àmọ́ gbogbo gbólóhùn tó ń tẹnu rẹ̀ jáde, Ṣóyínká ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí 2034 bá dé, ìwé Yorùbá yóò wà ní ọ̀fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ti 1968 kò ní í sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn, ọmọ Yorùbá tó bá gbóyà lè mú ìwé Fágúnwà kó túmọ̀ rẹ̀ lákọ̀tun sí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tàbí Potogí, láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí ìtumọ̀ náà yóò sì di tirẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè méjì ti máa pèsè gègé wọn sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà bí èèyàn bá fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ sókè òkun. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa LibriVox, ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè gbọ́ ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Hugh McGuire ló dá a sílẹ̀ ní 2005, ní Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ni wọ́n ń ka ìwé níbẹ̀, ẹnìkan orí kan, ẹlòmíràn orí kejì, títí ìwé yóò fi parí. Ẹni tó bá kàwé fún wọn ti fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè mú un, ó tilẹ̀ lè tà á, kò sì ní í fún un ní kọ́bọ̀. Kí ẹni tí ìyẹn kò bá tẹ́ lọ́rùn má dé ibẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìwé tó bá sì ti wà ní títẹ̀ tipẹ́ kì í béèrè ọdún ikú níbẹ̀. Ọdún tó jáde ló ń béèrè, 95 ọdún ni.

Ohun tí ìyẹn mú wá yani lẹ́nu. Ògbójú Ọdẹ tó jáde ní 1938 yóò di ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kan náà tí yóò di ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà, ìbẹ̀rẹ̀ 2034. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, Amẹ́ríkà kò sì ní í tú u sílẹ̀ àfi 2045. Àdììtú Olódùmarè ti 1961 di 2057. Èmi lè jókòó ní Òṣogbo ní 2035 kí n ka Igbó Olódùmarè láti páálí dé páálí, kí n gbé e fún gbogbo ará Ọ̀ṣun, kí ẹ̀ṣẹ̀ kankan má sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ mi ní Houston kò ní í lè gbé ohùn kan náà sórí LibriVox. Ti 2057, kí ẹ bá mi bi àwọn ọmọ-ọmọ mi.

Àwọn LibriVox kì í fi ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ṣeré. Dostoevsky, ará Rọ́ṣíà, kú ní 1881, kò sí ẹni tó lè ní òun ló ni ìwé rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, èyí tí Constance Garnett túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1912, The Brothers Karamazov, ni wọ́n lè kà. Ìtumọ̀ ìwé kan náà tó jáde ní 1990, wọn kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Òǹkọ̀wé kan, ìtàn kan, ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan ṣí, ọ̀kan tì.

Ẹ óò wá béèrè pé kí ló kù fún wa láti kà ní Yorùbá. Ó pọ̀. Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ tí a ń kà lọ́wọ́ nìyẹn. John Bunyan tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kú ní 1688. David Hinderer, ará Jámánì tó ṣe míṣọ́nnárì n'Ìbàdàn, tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kú ní 1890. Bí a ṣe kà á sí lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún, ní Nàìjíríà tàbí ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tó jáde lódindi ní 1884, náà ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Crowther kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1891.

Iṣẹ́ tó wà nínú kíka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí ojú rí. Ẹ̀dà àtijọ́ kò fi àmì ohùn sí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. “Nwọn”, “aiye” àti “enia” ló kún ibẹ̀. Àwọn tí kò dàgbà ju ọgbọ̀n ọdún lọ nínú wa máa ń pe “on” bí ìgbà tí wọ́n ń tan iná. Bàbá kan tó ti ṣe katikíìsì rí ló ń gbà wá. Ní alaalẹ́, wọn yóò fi pẹ́ńsù kọ àmì sórí ẹ̀dà tí a tẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, wọn yóò fa ìlà sí ibi tó yẹ kí èèyàn mí, ní òwúrọ̀ wọn yóò sì jókòó ti ẹni tó ń kà, tí wọn yóò máa fi ìka lu tábìlì bí ohùn bá ṣì lọ. Ohùn ìka yẹn náà ń wọ inú ẹ̀rọ. A kò ní í yọ ọ́.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ̀dà àtijọ́ ni kí ẹ mú. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí ọ̀mọ̀wé kan kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àlàyé sí i, ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé yẹn kì í ṣe ti Hinderer. Ẹ fò ó. Bíbélì tí wọ́n tún túmọ̀ láyé òde òní náà ní ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàánú. Ẹgbẹ́ Biblica tó ni Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde Òní kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, bó bá ti dárúkọ wọn tó sì jẹ́ kí àwọn mìíràn náà lo ohun tó bá tibẹ̀ jáde lọ́nà kan náà. Ẹ ò rí i pé kíkọ gbólóhùn kan sílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni.

Ọ̀fẹ́ nìkan náà kò tó. Àlùkùránì tí Àlùfáà M. S. Cole túmọ̀ sí Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó ní 1906 ti di ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà tipẹ́. Nígbà tí mo dábàá rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa mi orí. Wọ́n ní àlùfáà ìjọ Kristẹni ló túmọ̀ rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ máa gbọ́ Àlùkùránì láti ọ̀nà yẹn nígbà tí àwọn ààfáà fúnra wọn ti túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ti àwọn ààfáà ní kópíráìtì, nítorí náà a ń tọrọ.

Ọ̀nà kan wà tí kò nílò ìtọrọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa kì í dárúkọ rẹ̀. Òfin kópíráìtì tuntun ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fàyè gba kí ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, tí òfin mọ̀ sí irú iṣẹ́ náà, sọ ìwé tó bá wà lọ́wọ́ wọn lọ́nà tó tọ́ di ohùn fún aláìríran, àti fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ìwé mú, láìtọrọ àṣẹ. Àdéhùn àgbáyé ti Marrakesh ti 2013, tí Nàìjíríà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2017, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí a túmọ̀ kò yàtọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí òfin dárúkọ nìkan ni ohùn náà wà fún. Ẹ kò lè fi orúkọ afọ́jú ka Aké sí YouTube kí gbogbo ayé máa gbọ́. Ọ̀fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ni Nigerian Copyright Commission, tí àwọn kan ń pè ní NCC. Kì í ṣe NCC ti nẹ́tíwọ̀kì fóònù o. Mo rí ẹni tó lọ fi ẹjọ́ dátà sun ibẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kàn jù lónìí kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé láìgbàṣẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde ni. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀kan nínú wọn, mo béèrè pé ta ló ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá: ṣé olùtumọ̀ ni, ṣé òun ti tà á fún ilé-iṣẹ́, ṣé àwọn ọmọ òǹkọ̀wé ni? Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ó ṣeé ṣe kí èèyàn lọ bẹ ọmọ olùtumọ̀, kó fún un láyè, kó sì jẹ́ pé bàbá ọmọ náà ti fọwọ́ síwèé gbé gbogbo ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn kó tó kú. Èsì kò wá. Mo pe fóònù wọn, ọmọbìnrin tó gbé e ní ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Mo tún pè, ọ̀gá ṣì wà níbi tó lọ. Ìwé tí mo ń sọ yìí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́, àwọn fúnra wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọn kò tà á, wọn kò jẹ́ kí a kà á, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́, mo lè bínú kí n sì lọ mú ìwé mìíràn. Ẹni tó dákẹ́ ló ń pa ìwé.

Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n fún kò gba owó. Kí wọ́n kọ orúkọ olùtumọ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ní lẹ́tà tí ojú lè rí, kí wọ́n fi ọdún tí ìtumọ̀ náà jáde sí i, kí wọ́n sọ ẹni tí a ó kọ̀wé sí bí a bá fẹ́ kà á síta láìta á. Bí wọ́n bá ní orí méjì péré ni kí a kà, a ó ka orí méjì. Bí wọ́n bá ní kí a sọ ibi tí èèyàn ti lè ra ìwé náà ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, a ó sọ ọ́, a ó sì fi orúkọ ọjà kún un.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà ní iṣẹ́ láti ṣe, ẹ sì ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas kọ, kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ sí olóòtú. Thomas tó jẹ́ olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àwọn ará Èkó ò mọ̀. Pẹ̀lú 95 ọdún tí Amẹ́ríkà ń kà, àwọn lẹ́tà 1929 ti bọ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ti 1930 láti 2026. Èyí tí Karin Barber túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2012, ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ọmọ mi ní Houston ti ń wá àwọn tí yóò ka ti Yorùbá. Obìnrin ló fẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ lè ṣe àgbà oníṣekúṣe tó ti ń ronú pìwà dà, tí kò ní í máa rẹ́rìn-ín láàárín.

Nítorí náà, Olóòtú, bí òǹkọ̀wé tàbí olùtumọ̀ kan bá kú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi “ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá” mọ. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, ẹ sì dárúkọ gbogbo ìwé tó túmọ̀, kì í ṣe èyí tó kọ nìkan. Bí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan bá sì fẹ́ dá wa lóhùn, kó kọ ọ́ sí ojú ìwé yín yìí. A máa ń ka lẹ́tà kí a tó ka ìròyìn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ àfẹ̀yìntì, Òṣogbo